Bí A Ṣe Pa Jẹnẹrétọ̀ Nítorí Màmá Òkè

Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Yábàá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, èmi ni àwọn ará ilé wa ní Sùúrùlérè fi ṣe rédíò. Mi ò ní tíì ti géètì tán tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. Ibo ni wọ́n bá a dé lónìí?" Màá sọ orúkọ ìlú kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí, wọ́n á sì mi orí bí ẹni pé ìlú náà kò jìnnà ju Múṣin lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ìdílé mẹ́fà ló ń gbé inú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan wà tó ń ṣe irun; yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Gbogbo wa, àtàgbà àtọmọdé, Àǹtí là ń pè é. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti ń ja ogun náà. Àwọn kan wà lẹ́yìn orílẹ̀-èdè kan, àwọn kan wà lẹ́yìn ìkejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní bọ́ìsì-kọ́tà, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, ti di alátìlẹ́yìn pátápátá. Bí o bá bú orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ìyá rẹ̀ lo bú. Àwọn míì ní ogun òyìnbó ni, kí wọ́n máa bá ara wọn jà lọ. Ìyàwó mi, tí kò fẹ́ràn ariwo, ní kò sí èyí tó kàn wá níbẹ̀.

Ó kàn wá. Kò pẹ́ rárá tí owó epo dísù fi fò sókè, tí gáàsì ìdáná sì tẹ̀lé e. Èmi fúnra mi ni mo túmọ̀ ìdí rẹ̀ lórí rédíò: ọkọ̀ ojú omi tí kò lè gba ọ̀nà tó máa ń gbà mọ́, epo tí kò jáde bó ṣe yẹ, àwọn orílẹ̀-èdè olówó tí wọ́n ń já èyí tó kù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Mo jáde ní ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo bá àwọn obìnrin tí wọ́n gbé sílíńdà gáàsì wọn dání, tí wọ́n ń gbé e padà sílé ní òfìfo.

Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tó ń lo dísù. Gbogbo wa la jọ ń dáwó epo rẹ̀, òun la sì ń tàn nírọ̀lẹ́ bí kò bá sí iná ìjọba. Nígbà tí apá wa kò ká dísù mọ́, a pa á, a fi tàpólì bò ó, kálukú bá wá ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn tó ń fi gáàsì dáná padà sí èédú. Èmi àti ìyàwó mi wà lára wọn. Ẹni tó bá lágbára díẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù, ó gbé e sí ẹ̀yìn fèrèsé rẹ̀, nítorí pẹtiróòlù, bó tilẹ̀ wọ́n, èèyàn lè ra ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká. Bí iná bá ti lọ, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àfi kí o lọ bá a létí.

Gbogbo èéfín náà ń gòkè ni. Lókè pátápátá ni bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì. Bàbá ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Màmá ta aṣọ ní ọjà títí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró fi dá a jókòó. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń fún un ní ọ́síjìn láti inú rọ́bà tín-ín-rín kan tó wọ imú rẹ̀. Iná ni ẹ̀rọ náà ń lò. Bí iná bá lọ, wọ́n á lo sílíńdà ọ́síjìn tí àwọn ọmọ wọn rà sílẹ̀, wọ́n á sì máa gbàdúrà kí iná tètè dé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Màmá. Ó ṣòro kí ara rẹ̀ yá díẹ̀ kó má gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nínú ilé.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, iná ti lọ láti òwúrọ̀, ṣọ́ọ̀bù Àǹtí kún, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo ọgbà. A ò gbọ́ nígbà tí Bàbá ń pè wá. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ògiri, la tó rí i.

"Ẹ gbà mí o! Kò lè mí!"

Mo sáré gòkè, ọ̀dọ́mọkùnrin bọ́ìsì-kọ́tà tẹ̀lé mi. Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó la ẹnu, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọ́síjìn inú sílíńdà ti tán. Èéfín inú yàrá náà tó èyí tó ń mú ojú èmi tí ara mi le ṣomi. A gbé e sórí àga, a gbé àga náà sọ̀ kalẹ̀. Kí a tó dé ìsàlẹ̀, Àǹtí ti fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìpara lórí, ó ti dá mọ́tò kan dúró lójú títì. Òun ló jókòó sẹ́yìn, tó gbé orí Màmá sí àyà rẹ̀ títí a fi dé ọsibítù ní Ìdí-Àràbà.

Wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, dókítà obìnrin kan pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi í jókòó, ó lóṣòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Bàbá, a máa ṣe gbogbo ohun tá a lè ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé wọn padà sínú èéfín yẹn, ẹ máa tún gbé wọn wá. Mi ò sì mọ̀ bóyá ẹ máa tètè dé nígbà yẹn."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ padà sílé.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí rí i tó ń di ẹrù sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Bàbá, ibo lẹ̀ ń kó ẹrù lọ?"

"Ilé ni. A ó máa lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́ ju tibí lọ."

"Dókítà tó mọ àìsàn Màmá láti ọdún mélòó kan wá, ṣé Ìdí-Àràbà kọ́ ló wà ni?"

Bàbá ń fa okùn ẹrù rẹ̀ le. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn nítorí ìyàwó mi? Nǹkan le fún gbogbo yín. Mo ń rí i."

Àǹtí ló sọ gbogbo èyí fún mi. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì tó fi ń nu irun. Lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà kan wà lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, atẹ́gùn ló máa gbẹ ẹ́ lónìí," ó sì lọ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ó dá a gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wá ń kan ilẹ̀kùn wa lọ́kọ̀ọ̀kan pé a ní ìpàdé nírọ̀lẹ́.

Ìpàdé náà gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin bọ́ìsì-kọ́tà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, àwọn tó ń jagun ló fa gbogbo èyí, kì í ṣe àwa. Bí mi ò bá tan jẹ́ẹ̀nì, mi ò lè ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá ṣiṣẹ́, mi ò lè jẹun."

"Èmi ńkọ́? Ṣé ẹnu ni mo fi ń fẹ́ irun gbẹ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ ń gbèjà àwọn ará ilẹ̀ tó ń jagun níwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Màmá yìí lẹ mọ̀. Ìwọ, nígbà tí ibà dá ẹ dùbúlẹ̀, ta ló ń gbé ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Màmá ni."

Ẹlòmíràn bi Àǹtí pé ṣé ká wá máa gbé inú òkùnkùn ni. Ó ní rárá o. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ẹ jẹ́ ká ta èyí tá a bò mọ́lẹ̀ yẹn. Ká dáwó lé e, ká fi ra sólà. Kí iná rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá. Èyí tó bá kù, ká jọ pín in."

Bàbá wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, jẹnẹrétọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò sí lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti ń ka ìwé nípa bátìrì àti ínfátà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù náà gbà, a ta jẹnẹrétọ̀ ńlá náà, a sì dáwó lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló wá oníṣẹ́ sólà, òun ló bá a gun orí òrùlé. Ìyá onílé wa, tó ń gbé ní ìhà Ìgànmú, wá wò ó, ó ní òun gbà, òun á sì san owó iṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé Màmá dé láti ọsibítù, kò sí iná ìjọba. Ó dúró díẹ̀ nínú ọgbà kí a tó gbé e gòkè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ṣé kò sí ẹnikẹ́ni nílé ni?"

"Gbogbo wa wà nílé, Màmá," Àǹtí dá a lóhùn. "A kàn dákẹ́ ni."

Kò rọrùn. Kò sí áyọ́ọ̀nù, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun, ọ̀sán gangan nìkan la lè fa omi sókè. A gbé ibi tí a ti ń fi èédú dáná lọ sí ìdí fẹ́ǹsì tó jìnnà sí àtẹ̀gùn. Àwọn oníbàárà Àǹtí kan kọjá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, kò sọ ọ́ mọ́. Ó gbájú mọ́ irun dídì àti irun kíkó, ó gbé àga síta kí orí tó tutù lè gba atẹ́gùn, díẹ̀díẹ̀ àwọn míì bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ohun tí mo rí nígbà òjò ni mi ò lè gbàgbé. Ojú ọjọ́ ti ṣú, oòrùn kò yọ dáadáa fún bí ọjọ́ mélòó kan, agbára bátìrì ti ń rẹlẹ̀. Mo dúró nínú ọgbà ní àṣálẹ́, mo ń wo òkè. Ẹnikẹ́ni kò pariwo, ẹnikẹ́ni kò pe ìpàdé. Iná yàrá kan kú. Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kú. Ìyàwó mi náà pa tiwa. Ó wá ku fèrèsé Màmá nìkan, tí iná rẹ̀ ń tàn. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn olórí ìjọba púpọ̀ lórí ìfaradà nígbà ogun. Mi ò rò pé mo lóye ọ̀rọ̀ náà títí di ọjọ́ yẹn.

Màmá bá wa gbé títí ọyẹ́ fi dé, ọyẹ́ náà sì tún kọjá. Nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, ó máa ń jókòó sí fèrèsé, á máa bá Àǹtí sọ̀rọ̀ láti òkè, Àǹtí á sì máa dá a lóhùn láìgbé ojú kúrò lórí irun tó ń dì. Àárín òjò tó tẹ̀lé e ló kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, ní ọwọ́ Bàbá. A sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́. A rò pé Bàbá máa dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ó padà wá bá wa.

Ogun yẹn kò tíì parí nígbà náà. Ayálégbé tuntun kan kó wọlé, ó béèrè pé nígbà tí aláìsàn kò sí nílé mọ́, ṣé òun lè gbé jẹnẹrétọ̀ òun wá. Kí Àǹtí tó la ẹnu, ọ̀dọ́mọkùnrin bọ́ìsì-kọ́tà ti ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n. A kì í tàn án nílé yìí." Ayálégbé náà kò bá a jiyàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni obìnrin kan wá láti àdúgbò kejì. Ó ní àwọn kan sọ fún òun nípa ilé wa, pé ọmọ òun ní ikọ́ fée tí kì í jẹ́ kó lè mí dáadáa, pé èéfín ilé àwọn ń pa á lára, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn tí àwọn jọ ń gbé. Àǹtí ní òun á bá a lọ. Bàbá dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun náà ń bọ̀. Mo tẹ̀lé wọn. Nígbà tí àwọn ará ilé náà péjọ, tí wọ́n di ojú mọ́rí, Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo wá bẹ̀ yín nítorí ọmọ yìí," ó sì jókòó, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.