Àlàfo Iwájú Orúkọ Hàjàrá

Kifayah ni akọ̀wé ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Ìjàyè, òun ló sì ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀sì àwọn dókítà ojú ti dúró síta, ó fẹ́ kó àwọn arúgbó lọ fún iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́. Aago méjì ni yóò gbéra. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ bá wọn lọ, torí ọgbẹ́ irú wọn kì í tètè jinná.

Kifayah pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó kó gbogbo ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ni" jáde. Orúkọ tò lọ rẹrẹ, ṣùgbọ́n kò rí ti ìyá àgbà rẹ̀, Hàjàrá, tí wọ́n ti jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kú láìrí ojú ọmọ tí Kifayah bí. Ó ka àwọn tó yẹ kó jáde: èèyàn mọ́kànlélógójì ló dàwátì.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ màmá àgbà wò, àlàfo ló bá níbi ìdáhùn. Ìgbà náà ló rántí. Nígbà tó bi wọ́n lóṣù tó kọjá bóyá wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àgbà wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe àrùn mọ́ra? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀kọ́, ló bá fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún gbogbo àwọn tó fi àdúrà dáhùn. Kọ̀ǹpútà ò sì gbọ́ àdúrà. Ibi tí kò bá ti rí nǹkan kan, kò lè sọ pé ó yàtọ̀ sí "bẹ́ẹ̀ni", ńṣe ló ń fò ó.

Láyí tó ń ṣètò ìrìnàjò náà wo aago. "Fi 'bẹ́ẹ̀kọ́' dí gbogbo ẹ̀, jẹ́ ká máa lọ!"

Ó wu Kifayah débi pé ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Ẹ̀rù bà á. "Ẹ̀gbọ́n, a ò tíì mọ̀ ni. Ẹ ṣáà má sọ pé wọn ò ní."

Ó ní kí kọ̀ǹpútà kó àwọn alálàfo jáde lọ́tọ̀, ó sì ké sí Nọ́ọ̀sì Mùjíbátù kó gún ìka wọn, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogójì yege, wọ́n sáré wọ bọ́ọ̀sì. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjì lù nígbà tó kan màmá.

Mùjíbátù wo ẹ̀rọ, ó tún un wò. "Màmá, ṣúgà yín ga gan-an. Wọn ò lè fọ̀bẹ kan ojú yín báyìí."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Bọ́ọ̀sì gbéra. Kifayah gbé ọmọ rẹ̀ lé màmá lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi ìka wá imú ọmọ, wọ́n ń wá etí rẹ̀. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú omijé lójú, ó tẹ "bẹ́ẹ̀ni" sínú àlàfo náà.