Ìyá Mi Tọrọ Èènì Lọ́wọ́ Dókítà

Ìyá mi ló máa ń gbé àga fún mi tí mo bá fẹ́ kírun. Ẹ má tíì bínú sí mi. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà, òun sì ti lé ní àádọ́rin, ṣùgbọ́n òun ló ń forí kanlẹ̀ bí ọmọ kéú, èmi ni mò ń jókòó lórí àga rọ́bà funfun bí ìyá ọkọ tó wá kí wa.

Orúnkún mi ló kọṣẹ́. Tí mo bá fi lè kúnlẹ̀, dídìde á di ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí. Ọkọ mi á fa ọwọ́ kan, ìyá mi á fa ìkejì, àwọn méjèèjì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, èmi náà á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Ìgbà tó yá, a fi kíkúnlẹ̀ sílẹ̀. Tí ìrun bá ti tó, ìyá mi á nu àga náà, á kọjú rẹ̀ sí gábàsì, á wá sọ pé, "Àlájà, ẹ jókòó, àga yín ti dé." Mi ò dé Mẹ́kà rí láyé mi, ẹ̀fẹ̀ ló ń fi mí ṣe. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn, torí pé nígbà yẹn, kò sí ohun tí mo fẹ́ láyé tó kí iwájú orí mi tún kan ilẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Aswani, léèsì àti ànkárá. Lọ́jà, ara mi wúlò, mi ò ní parọ́. Tí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì pé bóyá aṣọ ò ní tó òun, màá fà á yọ, màá ró o mọ́ra, màá sì sọ pé, "Àǹtí mi, tó bá kárí èmi, ta ni kò ní kárí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó. Ọkọ mi, tó ń bójú tó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan lágbègbè àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìsọlọ̀, ń pè mí ní Òróbó tèmi, ó sì ń fi mí yangàn. Nítorí náà, kì í ṣe ẹwà ni mo ń wá. Ṣúgà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi, orúnkún ò gbọ́ràn mọ́, gbogbo oúnjẹ tí mo sì ti fi sílẹ̀ lóríṣiríṣi ò ṣe mí láǹfààní. Mo rù díẹ̀, mo tún sanra padà, ó tún lé sí i. Bí wọ́n ṣe ní kí n lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Òṣòdì nìyẹn.

Ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Tí o bá wá rù, kí ni màá sọ fún àwọn ará ilé yín ní Ìsẹ́yìn? Wọ́n á ní mi ò fún ọmọ wọn lóúnjẹ."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo Ìsẹ́yìn ló mọ ẹni tó ń bọ́ ẹnì kejì."

Ìyá mi ní tirẹ̀ ní òun á bá mi lọ rí dókítà náà. Mo ní kó jókòó sílé. Ó ní, "Àpòlúkù tí wọ́n fẹ́ gé yẹn, inú mi ló ti jáde. Ṣé wọ́n á wá gé ọjà mi lẹ́yìn mi ni?" Ló bá wọ bàtà.

Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà bí ẹni tí kò jẹun yó rí. Ìyá mi wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sọ sí mi létí pé, "Ẹni tí kò jẹun ló fẹ́ tún inú ẹni tó ń jẹun ṣe." Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un kó dákẹ́. Dókítà fa ìwé kan yọ, ó ya àpòlúkù sí i, ó ní ọ̀nà mẹ́ta ni òun fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni bálúùnù. Wọ́n á ti ọ̀nà ọ̀fun gbé e sínú àpòlúkù, wọ́n á bu omi sí i kó lè gba àyè oúnjẹ. Tó bá tó bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á yọ ọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ràn ìyẹn. Oníṣòwò ni mí, ọjà tó ṣeé dá padà ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n dókítà ní ọ̀pọ̀ ló máa ń sanra padà tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, àti pé ọ̀rọ̀ ṣúgà mi ti kọjá ohun tí bálúùnù lè yanjú.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní slíìfù. Wọ́n á gé èyí tó pọ̀ jù nínú àpòlúkù sọnù, wọ́n á rán èyí tó kù, á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí gan-an ni mo ti ń rò láti ilé, torí pé obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ìlà kejì sí wa ṣe é, ó sì rù débi pé oníbàárà bi í léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ń tajà níbí dà?"

Ẹ̀kẹta ni báípáàsì. Wọ́n á ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, kò ní ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n á wá fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ lè máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àpòlúkù ńlá á wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Mo ní kí dókítà fi ìyẹn sílẹ̀. Ọkọ mi ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbì kan, ó sì ti ní, "Báípáàsì kẹ̀? Èyí tí wọ́n ṣe sí mítà ní ojúlé kejì, tí wọ́n fi wá gé iná wọn?"

Bó ṣe ku slíìfù nìyẹn, ni ẹ̀mí ọjà bá gùn mí. Mo ní, "Dókítà, ẹ gé ìdajì."

Ó ní rárá.

"Ó dáa, ẹ gé ìdajì, kí ẹ tún gé díẹ̀ lé e."

Ó ní àpòlúkù kì í ṣe léèsì. Mo bá gbé báàgì mi, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe lọ́jà kí ọlọ́jà lè pè wá padà. Kò pè mí. Ó kàn ń wò mí. Mo tún jókòó.

Ìyá mi tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó dá sí i. "Dókítà, ọmọ mi, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ gé e bí ẹ ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi èènì sí i fún un."

"Èènì bí i ti báwo, Màmá?"

"Èènì kékeré ni. Kó kàn gba òkèlè mẹ́ta sí i. Ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ tiwa náà, a máa ń fi èènì sí i."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Màmá, inú èènì yẹn gan-an ni gbogbo sísanra máa gbà wọlé padà."

Ni inú bá bí mi. Mo ní ṣé ẹnikẹ́ni á tilẹ̀ bi èmi tí mo ni àpòlúkù léèrè nǹkan kan lónìí? Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó ní kí n má bínú, kí n sọ fún òun, kí ni mo fẹ́ máa ṣe tí mi ò lè ṣe báyìí?

Mo la ẹnu láti sọ pé mo fẹ́ kí ṣúgà mi lọ sílẹ̀. Mo rò pé ohun tó yẹ kí èèyàn sọ fún dókítà nìyẹn. Ìyá mi ti dáhùn.

"Ó fẹ́ forí kanlẹ̀. Kò jẹ́ sọ ọ́ ni. Èmi ni mò ń gbé àga fún un."

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Omi lé sí mi lójú, torí mo ti rò pé kò mọ bó ṣe ń dùn mí tó.

Dókítà tún mú bírò rẹ̀. Ó bi mí pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé nǹkan kan máa ń ṣe mí láyà? Mo ní kò sí o, ata ni.

"Ata kẹ̀?" ni ìyá mi wí. "Dókítà, kó ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, omi kíkan á gòkè wá sí i lọ́fun, àyà á máa jó o. Oògùn funfun tó dà bíi mílíìkì yẹn, ìgò rẹ̀ ti kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Dókítà yí ìwé náà padà síwájú mi. Ó ní slíìfù lè mú kí omi kíkan yẹn pọ̀ sí i. Bí orúnkún mi bá tilẹ̀ gbà kí n forí kanlẹ̀, ọ̀fun mi lè má gbà. Báípáàsì ló máa ń dáa jù fún ẹni tí àyà ń jó báyìí, ó sì máa ń ran oníṣúgà lọ́wọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò fi apá kejì pamọ́. Ó ní iṣẹ́ náà díjú ju slíìfù lọ, mo sì gbọ́dọ̀ máa lo fítámì títí ayé, kí n máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Títí ayé?" Mo fi ariwo ta.

Ìyá mi ní, "Kí ló wá dé? Ṣé kì í ṣe títí ayé lo fẹ́ ọkọ? Fítámì ò tilẹ̀ ní béèrè oúnjẹ alẹ́."

Mi ò gbà lọ́jọ́ náà. Ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ slíìfù. Mo lọ bá obìnrin ìlà kejì yẹn, mo bi í bóyá àyà máa ń jó o. Ó ní rárá, tòun dára, ara òun yá. Inú mi bàjẹ́. Mo ti fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó lè rọrùn fún mi láti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọ̀fun mi, ohun tí ìyá mi sọ ni ẹ̀rọ náà sọ. Ara obìnrin náà àti ara mi ò kúkú rí bákan náà. Mo ní kí wọ́n ṣe báípáàsì fún mi. Ọkọ mi ní òun ò ní jẹ́ kí àwọn oníná gbọ́.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Oúnjẹ tó ń ṣẹ́ kù ló wá di ìṣòro wa. Ṣíbí díẹ̀ ni mò ń jẹ, ìyá mi ò sì lè rí oúnjẹ kó dà á nù. Á wo abọ́ mi, á wò mí, á mí kanlẹ̀, á wá jẹ èyí tó kù. Ó ní èènì tí dókítà fi dù wá nìyẹn. Bí mo ṣe ń rù, bẹ́ẹ̀ ni òun ń sanra. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan tó sọnù nínú ilé náà, a kàn gbé e láti yàrá kan sí èkejì ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìrun Alásárì ni mo ti kọ́kọ́ forí kanlẹ̀. Ìyá mi ti gbé àga kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ gbìyànjú, mo sì dúró lórí ẹní. Nígbà tó tó àkókò, mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀, orúnkún mi dún, ẹ̀rù bà mí, iwájú orí mi kan ẹní. Omi kíkan ò gòkè. Òórùn káńfọ̀ ara ẹní náà ni mo ń gbọ́. Mo gbọ́ tí àga náà dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo rò pé ìyá mi ń gbé e kúrò lọ́nà ni. Mo pẹ́ lórí ilẹ̀, mo sunkún sórí ẹní, inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo ń tọrọ mọ́.

Nígbà tí mo sálámà tán, mo yíjú. Orí àga ni ìyá mi wà. Ibẹ̀ ló ti kírun.

"Màámi, kí ló ṣe yín?"

"Orúnkún ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń dùn mí kí tìẹ tó bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò jókòó láti ọjọ́ yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kí àwa méjèèjì wá jókòó? Ta ni ì bá máa gbé àga?"

Mo dìde lórí ẹní láìsí ẹni tó fà mí lọ́wọ́. Nígbà tí ìrun Mọ̀gàrìbà tó, mo nu àga náà, mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì, mo sì lọ pè é.