Agogo Ìdájí Adéríbigbé ní Padova

Àbúrò mi ni Adéríbigbé, inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní Padova, nítorí náà bí mo bá bú u, ẹ má bá mi wí. Magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ló ti ń ṣiṣẹ́, páálí ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Ajíhìnrere ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi wàásù fún àwọn ará Italy, ọkàn kan péré kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Pásítọ̀ wá là á mọ́lẹ̀ fún un: bí kò bá mú ará Italy kan wá ṣáájú Ọdún Àjíǹde, ẹlòmíràn ni yóò gba ipò náà.

Ló bá lọ ra agogo.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ìwàásù ìdájí ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

"Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ rèé? Bí a ti í ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn o!"

Ó kọ etí ikún sí mi. Aago márùn-ún ìdájí Sátidé, ó dúró ní àgbàlá palazzo, ilé alájà púpọ̀ tí à ń gbé, ó ń lu agogo kíkankíkan, ó ń ké ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pé òpin ti dé tán. Yéè! Àwọn aládùúgbò rò pé gáàsì ló ń jò. Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ tàwọn taṣọ oorun. Ọkùnrin kan gbé ológbò méjì, obìnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n.

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú àbúrò mi. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù nawọ́ sókè. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn ará Italy kì í bínú kí ọwọ́ wọn má fò sókè. Bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́ tí wọ́n ń bú u, bẹ́ẹ̀ ló ń kà wọ́n: mọ́kànlélógójì!

Lọ́jọ́ Àìkú, Pásítọ̀ to àga mọ́kànlélógójì sí iwájú. A jókòó, à ń wo àga. Lẹ́tà amministratore, ẹni tó ń bójú tó ilé wa, ló dé lọ́jọ́ Ajé: bí agogo bá tún dún, ká kó jáde. Mo gba agogo, mo tì í mọ́ inú àpótí. Ojú ti àbúrò mi débi pé kò jẹun. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Signora Ines ni, ìyá arúgbó àjà kẹrin tí kì í kí wa. Ascensore, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè, ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn ló ń gùn pẹ̀lú igo omi mẹ́fà. Ó wọlé jókòó láìgba àṣẹ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ alágogo, kí lo tiẹ̀ ń sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọdún mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò bi í rí! Díẹ̀ ló kù kí n hó. Gbogbo Italian tí àbúrò mi gbọ́ kò ju ti magazzino lọ: gbé e, sọ̀ ọ́, ó wúwo, rọra, ó lè fọ́. Òógùn bò ó. Níkẹyìn, ó ní:

"Ẹrù wúwo. Jésù gbé e."

Ìyá náà rò ó. "Títí dé àjà kẹrin?"

Àbúrò mi wo igo omi. Ó dìde, ó gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé èjìká, ó ń gòkè lọ, ìyá náà tẹ̀ lé e. Ó tó wákàtí méjì kó tó sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ó gbà?"

"Kò gbà. Ó ní kò sí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ní kí n padà wá, ìbéèrè ṣì kù."

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Pásítọ̀ gbé ipò náà fún Olújùwọ́n, arákùnrin kan nínú ìjọ wa. Wọ́n pe àbúrò mi títí kó wá fa ipò náà lé Olújùwọ́n lọ́wọ́, wọn ò rí i. Ó wà ní àjà kẹrin, ìyá náà ṣì ń bi í ní ìbéèrè.