Aṣọ Tí Mi Ò Ká Lórí Okùn

Bí òórùn ọṣẹ ìfọṣọ àti ti ẹrẹ̀ bá ti jọ kàn mí nímú báyìí, ẹ̀yìnkùlé ilé tá a háyà ní Okokomaiko ló ń padà wá sí mi lọ́kàn. Yàrá mẹ́jọ, kànga kan, pèpéle sìmẹ́ǹtì kan tá a ti ń fọṣọ, okùn ìsáṣọ mẹ́ta fún gbogbo wa. Ìjà ibẹ̀ ò lópin, ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ òfin kan wà tẹ́nikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: bí òjò bá ṣú, ẹni tó wà nílé ló máa ká aṣọ gbogbo ilé. Kódà aṣọ ẹni tó o yàn lódì, wàá ká a.

Owó epo rọ̀bì ń pa wá bí ọtí nígbà yẹn. Ọkọ mi gba àríásì owó oṣù níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní wọ́ọ̀fù, ó ra lẹ́ẹ̀sì fún mi, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́. Ìyàwó káfíńtà, ọmọdébìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwa, ló sún lẹ́ẹ̀sì náà lórí okùn kó lè ráyè sá nápíkìn ọmọ ẹ̀ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀sì já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà á bá yín tún un fọ̀." Mo pòṣé, mo sì yàn án lódì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ò jẹ́ ká róòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tóòrùn yọ, ó fọ gbogbo aṣọ ìkókó pátá, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì, ó sá wọn, ó pọn ọmọ, ó lọ ra kẹrosíìnì ní Ajangbadi. Kò pẹ́ tójú ọ̀run fi ṣú dẹ̀dẹ̀. Èmi nìkan ló wà nílé. Mo sáré jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ gbogbo ilé. Nígbà tí mo dé orí tiẹ̀, ọwọ́ mi kan búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó ti gbẹ, ó ń móoru. Mo fi í sílẹ̀, mo wọlé.

Ó dé tòun tọmọ, omi ń ro lára wọn. "Àǹtí, ṣé kò sẹ́nì kankan nílé ni?"

Mo ní, "Oorun ló gbé mi lọ."

Ó wo okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aṣọ tiẹ̀ nìkan ló kù níbẹ̀. Ó kó wọn wọlé. Mo gbọ́ bó ṣe ń fún nápíkìn, tó ń yan án lórí sítóòfù. Aṣọ gbígbẹ kún àpótí mi o! Mi ò ṣílẹ̀kùn.

Ikọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sin ín. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," gbogbo ilé ń tù ú nínú. Èmi ò lè sọ ọ́. Bóyá àìsàn ti wà lára ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ta ló mọ̀? Mi ò ní mọ̀ láé, ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ó tó bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, òjò ká mi mọ́ Ìyànà Ìbà, mo sì ti sá lẹ́ẹ̀sì mi síta. Nígbà tí mo fi máa délé, ìyàwó káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó gbé aṣọ mi dání, ó ti ká gbogbo ẹ̀ dáadáa, lẹ́ẹ̀sì ló wà lókè. "Òjò ṣú, Àǹtí," ó ní, "ẹ ò sì sí nílé."

Mo rú òfin ilé nítorí lẹ́ẹ̀sì; ẹni tí mo rú u sí ló pa á mọ́ fún mi. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gbẹ, ó ń móoru. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.