Jáàkì Tí N Kò Gbé Kalẹ̀

Ọjọ́ tí Alága gáréèjì wa ní Agbowó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa kọ orúkọ àwọn awakọ̀ sílẹ̀, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó mọ ohunkóhun mìíràn nípa mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti jáde yunifásítì, mo ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, ọjọ́ yẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa nílò ohun tí mo kọ́ nílé ìwé.

Takisí Máíkírà ni mò ń wà, láti Agbowó sí Dugbe. Bàbá Ṣakí ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ìlú Ṣakí ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu takisí ní Ìbàdàn. Nígbà tí n kò tíì ní ọkọ̀, Bàbá á wa tiwọn láti àárọ̀ di ìrun ọ̀sán, wọ́n á wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún mi títí di ìrọ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n jókòó tì mí níwájú. Mo yíjú sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èrò wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín."

Obìnrin kan tó há sáàárín àwọn mẹ́ta mìíràn dáhùn pé, "Bẹ́líìtì wo? Ṣé èyí tó já ni, àbí èyí tí mo jókòó lé?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Akọ̀wé, fi gírámà sílẹ̀, wá ṣéńjì. Ṣéńjì ni wọ́n máa bá ẹ jà lé lórí." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo gáréèjì ti ń pè mí ní Akọ̀wé. Bàbá nìkan ló ń pè mí ní ọmọ mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìlà wa kí ìyókù tó lè yé yín. Bí ọkọ̀ bá ṣe dé ni wọ́n ṣe ń tò. Tí ti iwájú bá kún, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ síbẹ̀. Awakọ̀ tó bá fẹ́ sáré gbé ọkọ̀ lọ ra epo tàbí lọ lẹ táyà kì í fẹ́ pàdánù àyè rẹ̀. Tó bá ní ẹni tó fọkàn tán lórí ìlà, á kàn sọ fún un pé, "Bá mi di àyè mú." Ẹni tí kò bá ní ẹnìkan ló máa gbé jáàkì rẹ̀ lélẹ̀ sí àyè náà. Kò sí awakọ̀ tó jẹ́ kọjá jáàkì ẹlòmíràn. Mo ti rí àwọn méjì tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn, síbẹ̀ tí wọ́n wa ọkọ̀ rọra yípo jáàkì ara wọn. Bàbá Ṣakí ò gbé jáàkì lélẹ̀ rí lójú mi. Èmi ni wọ́n máa ń sọ fún.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ọkọ̀ fún mi. Kò pẹ́ tí Máíkírà fi kún ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń lọ sí Dugbe lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Alága pe ìpàdé, àwọn àgbà pariwo títí, èmi náà bá dìde. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Mo ṣàlàyé pé tí ìjọba bá fi gbèdéke sí iye ọkọ̀ tó lè ná ọ̀nà kan, owó tí olúkúlùkù ń rí á pọ̀ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Bàbá Ṣakí nìkan ló béèrè pé, "Àwọn tó bá kù síta ńkọ́, ọmọ mi?"

Mo ní, "Wọ́n á wá ọ̀nà mìíràn ná, sà." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè ìdánwò.

Alága gbé àbá náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Èsì tí wọ́n mú bọ̀ ni pé ọgọ́ta ọkọ̀ péré ni ọ̀nà wa máa gbà. Wọ́n á kun nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn wọn, kò sì ní sí nọ́ńbà tuntun fún ọdún méjì. A lé ní ọgọ́rin.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí a kọ orúkọ nígbà tí wọ́n pe Bàbá láti Ṣakí pé ìyàwó wọn dákú. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n gbé jáàkì wọn wá bá mi, èyí tí wọ́n kun ọwọ́ rẹ̀ ní pupa.

"Ọmọ mi, bá mi di àyè mú. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó. Gbé èyí kalẹ̀ níwájú Alága, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà." Mo gbé e sí bùùtù ọkọ̀ mi.

Lọ́jọ́ tí a ń kọ orúkọ, n kò kọ tèmi ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ọmọ tó ní ìwà. Àwọn awakọ̀ ń rọ́ wá, mò ń kọ, n kò gbójú sókè. Ìgbà tí mo máa fi wo ìwé, orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́ta ti wọlé.

Alága béèrè pé, "Akọ̀wé, mélòó ló kù?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Orúkọ ta ni?"

Bùùtù mi ò jìnnà ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo ti gbìyànjú láti sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi tó ra ọkọ̀ ni mo rò, tàbí owó ilé. Irọ́ ni. N kò ro ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà mí pé mo tún fẹ́ di ẹni tí kò níṣẹ́, mo sì kọ orúkọ ara mi. Ọwọ́ mi ò tiẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn ló ń tì mí lójú jù.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí Bàbá tó dé. Mo sọ fún wọn pé Alága ní ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, àwọn ò ní kọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé o gbìyànjú." Wọn ò béèrè jáàkì wọn, èmi náà ò dá a padà.

Ohun tí mo sọ ní ìpàdé ṣẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná Dugbe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lójúmọ́. Mo san owó ilé kí lándílọ́ọ̀dù tó béèrè. Bàbá Ṣakí ní tiwọn wá ń ṣe sóólè, ìyẹn ni kí èèyàn máa kó èrò lójú títì láìwọ gáréèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn agbófinró wọ́ ọkọ̀ wọn lọ. Lẹ́yìn ìkejì, Bàbá tà á fún mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá.

Ní Mọ́kọ́lá náà ni Bàbá ti dá mi dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n wọlé síwájú bí èrò. Wọ́n ta kú pé àwọn á sanwó. A ò tíì kọjá Sáńgo tí táyà ẹ̀yìn fi jò.

Ọmọ ilé ìwé kan kígbe pé, "Bọ̀dá, mo ní tẹ́ẹ̀sì o!"

Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Ẹ ò wo táyà kẹ́ ẹ tó gbéra ni?"

Jáàkì tèmi ti bàjẹ́ láti oṣù kan. Kí n tó lè ronú ohun tí màá sọ, Bàbá ti lọ sẹ́yìn, wọ́n ti ṣí bùùtù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi. Wọ́n fọwọ́ kan ọwọ́ pupa jáàkì náà.

Wọ́n ní, "Ṣé o gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Rárá, sà."

"A jẹ́ pé Alága ò sọ pé kí wọ́n má kọ mí."

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Èmi ni. Àyè kan ló kù."

Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn èrò rò pé mò ń wo abẹ́ ọkọ̀. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ mi sókè, wọ́n pààrọ̀ táyà, wọ́n nu ọwọ́. Wọ́n wá gbé jáàkì wọn dání, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún Alága, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi orúkọ Bàbá rọ́pò tèmi. Wọ́n ní, "Ó ti wọ ìwé ìjọba, Akọ̀wé. Àfi lẹ́yìn ọdún méjì. Àmọ́ a ò ní kí ẹlòmíràn má wa ọkọ̀ rẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ bẹ Bàbá nílé pé kí wọ́n máa wa ọkọ̀ mi. Nígbà kẹta, wọ́n ní, "Oògùn ìyàwó mi ni mo máa torí ẹ̀ gbà. Kì í ṣe torí tìẹ." Nísinsìnyí, àwọn ló ń wa Máíkírà mi láti àárọ̀ di ìrun ọ̀sán, tiwọn sì ni owó tí wọ́n bá pa. Mo máa ń gbà á di ìrọ̀lẹ́, bíi ti àtijọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo tètè dé gáréèjì. Bàbá wà lórí ìlà, ó ku ọkọ̀ méjì kó kàn wọ́n, epo sì ti ń tán. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, mò ń retí kí wọ́n ní kí n bá àwọn di àyè mú. Wọ́n wò mí, wọ́n kí mi pé, "Akọ̀wé, o ti jí?"

Wọ́n wá lọ sí bùùtù, wọ́n gbé jáàkì ọlọ́wọ́ pupa náà jáde, wọ́n gbé e lélẹ̀ sórí ìlà níwájú ẹsẹ̀ mi, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ ra epo.