Omi Àjàrà Verdell

Ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Alabama, àwa nọ́ọ̀sì ní ìjókòó tiwa lápá òsì, aṣọ funfun la sì máa ń wọ̀. Bí Ẹ̀mí bá bà lé ẹnìkan tó sì ṣubú, àwa la ó yọ jígí ojú rẹ̀, tí a ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí a ó sì máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Verdell Mabry ni olórí wa. Ọsibítù ló ti ń gbowó oṣù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi yìí ló kà sí iṣẹ́ gan-an.

Ẹnu Verdell mú. Àdúrà kan ló sì wà lẹ́nu ọ̀hún ní gbogbo ìgbà: kí Cleavon, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, padà sí ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti kẹ̀yìn sí ìjọ. Á fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, á sì yí padà. Gbogbo wa la ń bá Verdell gba àdúrà yìí.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ oṣù kan, ọjọ́ tí a máa ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, òjò ń rọ̀ gan-an, Cleavon di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú wọlé, ó sì jókòó sẹ́yìn. Orin gbóná. Kò pẹ́ tí Cleavon fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò ó, ló bá ṣubú sáàárín ọ̀nà. Inú ìjọ dùn débi pé kò sẹ́ni tó lè jókòó mọ́. Dùùrù ròkè. Omijé bọ́ lójú mi, mo ní Ọlọ́run ti dáhùn, mo bá gbé abẹ̀bẹ̀ sáré lọ.

Verdell ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí n tó dé. Mo rí ayọ̀ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀, ayọ̀ náà sì kúrò.

"Ẹ dá dùùrù yẹn dúró," ló wí. "Kì í ṣe Ẹ̀mí. Ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀. Cleavon, o gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ láàárọ̀, o ò jẹun, àbí?"

"Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́, Màmá," ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa.

"Ẹ gbé omi àjàrà orí tábìlì yẹn wá."

Díákónì Tubbs fọwọ́ bo àwo ife náà. "Arábìnrin Verdell, a ti gbàdúrà sí i. Ẹ̀jẹ̀ Olúwa ni. Ọmọ yín ò sì tíì ṣèrìbọmi."

"Torí ta ni Olúwa ṣe ta á sílẹ̀, Díákónì? Ẹ gbé e wá. Tó bá jẹ́ èmi ni mo dìde wá gbé e, ẹ̀yin náà á nílò nọ́ọ̀sì."

Ó gbé e wá. Verdell ń dà á sí Cleavon lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ife kékeré kan tẹ̀lé òmíràn, títí ojú ọmọ náà fi wálẹ̀.

Ká má purọ́, inú bí mi. Mo lọ bá Verdell nílé lọ́sàn-án, Cleavon sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ṣé o ò lè jẹ́ ká yọ̀ díẹ̀ ná?"

"Lurline, ó dùn mí jù ẹ́ lọ," ló dá mi lóhùn. "Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò rán mi ní irọ́. Tí Ẹ̀mí Rẹ̀ bá fẹ́ bà lé Cleavon, ara ọmọ náà á le nígbà yẹn."

Mo rò pé ọmọ náà ń sùn.

Verdell ò rí ìdáhùn àdúrà rẹ̀ kó tó kú, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n látìgbà tí a ti sin ín, ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, a máa ń bá ìgò omi àjàrà kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ìjọ. A mọ ẹni tó ń gbé e wá. Kò sẹ́ni tó bi í.

Lóṣù yìí, ìgò wà níbẹ̀, mọ́tò rẹ̀ náà ò sì tíì lọ. Mo wọlé, mo bá Cleavon lórí ìjókòó ìyá rẹ̀.

"Àǹtí Lurline, mo jẹun láàárọ̀ yìí o," ló wí. "Tí mo bá ṣubú, ẹ jẹ́ kí dùùrù máa lọ."