Káàdì Mẹ́rìnlélógún àti Etí Eku

Bí a bá ń ka àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn délẹ̀, ká má yọ Baba Eléku sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú eku ní ilé ìwádìí kan. Bí ẹyọ kan bá sín láàárín igba, Baba á mọ èyí tó sín, á sì kí i pé pẹ̀lẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn. "Ṣé ẹ ti kí àwọn orogún mi lónìí?"

"Mo ti kí wọn. Wọ́n ní kí n kí ìyáálé."

Ìka méjì lọ́wọ́ òsì Baba ti kú látọjọ́ tí gíláàsì ti gé e lápá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ mọ́, àfi Dókítà, obìnrin tó ni ìwádìí náà. Irú ọgbẹ́ Baba gan-an ló ń wádìí. Á fún eku lábẹ́rẹ́ oorun, á gé okùn iṣan kan ní itan rẹ̀, á sì rán an padà. Inú eegun ẹ̀yìn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ wà. Bí okùn wọn bá já, àwọn kan nínú wọn á kú. Àgò méjìlá àkọ́kọ́ lórí pẹpẹ jẹ́ ti eku tí ara wọn pé, méjìlá tó kẹ́yìn jẹ́ ti àwọn tó jogún àléébù látọ̀dọ̀ òbí. Dókítà gbà pé sẹ́ẹ̀lì àwọn aláléébù ló máa kú jù, ó sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baba bá a tó káwọ́ lérí.

"Baba, ọdún méjì mi ti wọgbó."

"Kí ló dé, Dókítà mi?"

"Àwọn aláléébù ni sẹ́ẹ̀lì wọn ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Tàwọn tí ara wọn pé ló kú. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Lọ́la ni màá da gbogbo rẹ̀ nù."

Baba rántí oṣù tí wọ́n kun ògiri. Ó já káàdì tó ń sọ irú eku tó wà nínú àgò kọ̀ọ̀kan kí ọ̀dà má bàa ta sí i, ó sì ti pẹpẹ onítáyà náà síta. Kunlékunlé ní kó fi nọ́ńbà sí àgò. Baba rẹ́rìn-ín: "Èmi? Mo mọ ipò wọn bí mo ṣe mọ eyín ẹnu mi!" Àṣé nígbà tó ń ti pẹpẹ wọlé, ó ti yí i po, ìbẹ̀rẹ̀ pẹpẹ ti di ìparí. Káàdì àkọ́kọ́ bọ́ sára àgò ìkẹyìn.

Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́. Ta ni yóò tún gba ọlọ́wọ́ kan àbọ̀? Baba wo ojú obìnrin tó gbà á síṣẹ́, ó sì ní:

"Ẹ má dá eku lẹ́bi, Dókítà. Èmi ni." Ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ wo etí wọn. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni mo ti gé àmì sí i: òsì fún àwọn tí ara wọn pé, ọ̀tún fún aláléébù. Káàdì lè parọ́; etí kò ní ẹnu tí yóò fi parọ́."

Eku ṣì kù láàyè nínú gbogbo àgò. Wọ́n wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún ló dorí kodò! Ohun tí Dókítà rò láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ló rí.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Baba ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ń ká a.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mo ní kí n tètè lọ kí ẹ tó lé mi."

"Ta ló máa wá bá mi mọ etí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ aṣọ yín. Ẹ ti gba ọdún méjì mi là. Àmọ́ látòní lọ, ara àgò ni nọ́ńbà máa wà, kì í ṣe inú orí yín."

"Ara àgò ni, Dókítà mi. Orí mi ti fẹ̀yìn tì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba fi ìka mẹ́ta tó yè gbá agolo ọ̀dà mú, ó ń kọ nọ́ńbà. Ní àgò kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Ẹ ṣeun o. Etí yín ni mo fi ń jẹun." Wọ́n ní eku àgò keje mi orí dáhùn. Èmi ò rò pé irọ́ ni.